Aṣọ Tí Mo Rán fún Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́

Bí ọmọ yín obìnrin bá ti mọ ṣíbí mú dáadáa, tó sì wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mú un, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí. Bí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níwájú àyà rẹ̀ láìdúró, tó sì ti rẹ̀ yín láti máa sọ pé "fi ọwọ́ sílẹ̀", ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dé òpin. N kò kọ ọ́ nítorí pé mo ṣe dáadáa. Mo kọ ọ́ nítorí pé mo ṣe ohun kan tí kò yẹ kí ìyá ṣe, mo sì fi í pa mọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Bassa, àdúgbò kan nílùú Douala ní Kamẹrúùnù, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńsíkìn láàárọ̀, ìyẹn alùpùpù tó ń kó èrò. Aṣọ iṣẹ́ wọn ni mo ń rán jù: ṣòkòtò tó nípọn, ẹ̀wù alápò mẹ́rin. Mo ka ìwé girama tán ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Douala, n kò sì tún jókòó nínú kíláàsì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ mi ń ta sípià páàtì. Fúnmi ni àkọ́bí wa. Ìlú yìí la bí i sí, Faransé rẹ̀ sì já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ la bí ọmọkùnrin kan tó lo oṣù mẹ́rin péré láyé. Àbẹ̀kẹ́ dé ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ọmọ tó jẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, torí àwọn kan sọ nígbà tó yá pé bóyá n kò kíyè sí i ni. Mo kíyè sí i. Ó jókòó ní oṣù keje. Ní oṣù kẹwàá, ó ń fi ìka méjì ṣa bọ́tìnì nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń gbálẹ̀ lójúmọ́ kó má baà gbé e mì. Nígbà tó pé ọdún kan, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ dòdò, ó sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin: Mọ́mì, Bàbá, gbà, àti "bọ́", èyí tó fi ń pe bọ́tìnì. Ó máa ń juwọ́ sí àwọn oníbàárà tó bá ń lọ. Wọ́n ń pè é ní ọ̀gá kékeré.

Ó pé ọdún kan àti oṣù márùn-ún nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé dòdò ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó yó ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò nawọ́ sí àwo mọ́ rárá. Á kàn máa wò ó, á sì máa sunkún torí ebi ń pa á. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn náà sì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bọ́" ló lọ kẹ́yìn. Mo rántí ọjọ́ tó sọ ọ́ gbẹ̀yìn. Mo ń wọn ìbàdí oníbàárà kan lọ́wọ́, mo sì ní kó dákẹ́ ná kí n gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Ó dákẹ́ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Á kó wọn pọ̀ síwájú àyà, á máa fi ọ̀kan fún èkejì, bí ẹni tó ń fún omi kúrò lára aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Á fún un, á tú u, á tún fún un. Tó bá sùn, wọ́n á dákẹ́. Tó bá lajú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Ó tún máa ń lọ eyín mọ́ra wọn, tí èmi á gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà mìíràn á sé èémí, á ranjú, kó tó wá mí kanlẹ̀.

Àsìkò yẹn ni ìyá ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa gbé fún oṣù mẹ́ta. Obìnrin tó fẹ́ràn ọmọ ni, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí ènìyàn burúkú. Ní ọjọ́ kẹta tó dé, ó jókòó ti Àbẹ̀kẹ́ lórí ẹní, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Fúnmi, ọmọ yìí ń fọ ọwọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó ti lé ní oṣù kan."

"Kí ló jẹ tán?"

Mo gbé orí sókè wò ó.

"Mo ní kí ló jẹ tán tó fi ń fọ ọwọ́? Ẹni tó ń fọ ọwọ́ ti fẹ́ dìde nìyẹn. Ẹ bi í ibi tó ń lọ."

Ohun tó ń sọ yé mi kó tó parí rẹ̀. Ọmọkùnrin wa ti lọ. Ìyá ń sọ pé òun náà ló padà wá, pé ó ti jẹun tó lọ́dọ̀ wa, ó sì ń ṣanwọ́ kó lè máa lọ. Ọkọ mi wà ní ìdí ilẹ̀kùn, ó ń bọ́ bàtà.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má mú ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé mi."

"Ilé ta? Ta ló bí ẹ tó o fi ní ilé?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ nílé ọmọ mi nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ inú mi, kò sì jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ tí wọ́n pàdé, mo máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo máa ń lọ yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo gbá wọn nígbà mìíràn. N kò gbá wọn kíkankíkan, ṣùgbọ́n mo gbá wọn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀, àwọn mẹ́rìnlélógún sì ti wà níwájú wa. Ẹ máa mú ìwé kékeré yín dání, èyí tí wọ́n ń pè ní kánẹ́, ẹ máa tò ó lé ti àwọn yòókù lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, ẹ ó wá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan ní Youpwè jókòó tì mí, ọmọ tirẹ̀ ní ibà. Ó wo Àbẹ̀kẹ́ títí, ó wá fi Píjìn bi mí pé:

"Màmá, ṣé àdúrà lọmọ yín ń gbà?"

Mo ní rárá, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Ẹ má dá a dúró o. Ẹ jẹ́ kó gbà á dáadáa, kí ìlà yìí lè sún."

Gbogbo bẹ́ǹṣì ló bú sẹ́rìn-ín. Kò ní ibi lọ́kàn, ó tún fún mi ní omi mu nígbà tí oòrùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mú ọwọ́ ọmọ mi méjèèjì, mo kó wọn sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì tẹ̀ wọ́n mọ́ itan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú wọn wọ yàrá dókítà.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, bi mí ohun tó ń ṣe é. Mo ní kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì jẹun dáadáa. N kò sọ ohunkóhun nípa ọwọ́. Ó wo etí rẹ̀, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń gbọ́ bí ọwọ́ méjèèjì ṣe ń ta nínú ọwọ́ mi, bí ẹyẹ tí wọ́n dì mú. Mo ń rẹ́rìn-ín sí dókítà.

Mo ka ìwé kánẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ẹ̀ẹ̀meje la lọ, ní ilé ìwòsàn mẹ́ta, dókítà mẹ́rin ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú aràn, wọ́n ní kí a lọ ṣàyẹ̀wò etí. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọkọ̀ ìṣeré kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kó fi ṣeré. Mo ní, "Ó ń tijú, Dókítà." Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́rin tó rí ọwọ́ ọmọ mi. Wọn kò jẹ̀bi. Èmi ni mo di ọwọ́ náà mú. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí dókítà bá rí i, ohun tí Ìyá sọ lòun náà máa fi Faransé sọ fún mi.

Nílé, ọ̀rọ̀ òògùn di àríyànjiyàn. Ìyá fẹ́ mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá kan lè sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ mi kọ̀. Ìyá wá se àgbo, a fún un mu fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì bì í títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn tí Ìyá padà sílé, èmi fúnra mi gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì obìnrin kan ní Yassa, ní ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta tẹ̀léra. Ó fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbàdúrà tọkàntọkàn. Lẹ́yìn Ẹtì kẹta, ọkọ mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Fúnmi, ọmọ lo gbé yẹn o, kì í ṣe ẹrù. Títí dìgbà wo lo máa gbé e kiri báyìí?"

"Títí ara rẹ̀ á fi yá ni."

"Ṣé ara rẹ̀ ló ń wá ni, àbí ọkàn tìẹ ni kó balẹ̀?"

Inú bí mi sí i. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó rí ohun tí èmi kò fẹ́ rí.

Mo ti dé ibi tó ṣòro fún mi láti kọ. Wòlíì kọ́ ló ní kí n ṣe é. Ìyá kọ́. Ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Mo wọn ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ láti èjìká dé orí ìka nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án. Mo gé apá ẹ̀wù kan méjèèjì gùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo rán ẹnu wọn pa, mo sì gán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ níbi ìbàdí, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì, kí ọwọ́ kan má baà rí èkejì. Mo fi aṣọ tó fẹ́lẹ́ bo inú rẹ̀ kí ojú rírán má baà bó o lára. Mo yan òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Aṣọ tó dára ni. Ohun tó ń dùn mí jù lọ títí dòní nìyẹn, pé mo fara balẹ̀ rán an.

Mo sọ fún ara mi pé bí ọwọ́ bá gbàgbé ara wọn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á jáwọ́, ọmọ mi ò sì ní lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń wọ̀ ọ́, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láàárọ̀. Mo máa ń bọ́ ọ kí ọkọ mi tó dé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, torí ọwọ́ ṣì ń wá ọ̀nà nínú aṣọ. Fúnmi wà ní ìsinmi ilé-ìwé, òun ló ń bá mi jókòó.

"Pàdọ́ọ̀nù, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ. Pàdọ́ọ̀nù."

"Ṣé o fẹ́ kí àbúrò ẹ kú ni?"

"Mọ́mì, ẹ wo ojú ẹ̀ ná. Ó ń bẹ̀ yín."

"Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ lo ní ó ń bẹ̀ mí?"

"Ojú ẹ̀ ló fi ń sọ ọ́."

Mo ní kó lọ ra òwú wá fún mi.

Ó wọ aṣọ náà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kọkànlá, oníbàárà kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti ń rìn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà, kò sì dúró dáadáa. Mo kọ̀yìn láti mú ṣòkòtò náà lórí ìṣó. Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń ṣubú á na ọwọ́ kó lè fi gba ara rẹ̀ dúró, kódà ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohunkóhun mú mọ́. Ti Àbẹ̀kẹ́ kò ní ibi tí wọ́n lè nà sí. N kò gbọ́ igbe. Ìró àgbọ̀n rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ni mo gbọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó nu ẹ̀jẹ̀, ni pé mo fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ náà kúrò lára rẹ̀. Kì í ṣe kí ara lè tù ú ni mo ṣe gé e. Mo gé e kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ. Oníbàárà náà rí mi. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn sáré lọ dá bẹ́ńsíkìn dúró fún wa.

Àgbọ̀n rẹ̀ là, eyín iwájú méjì sì kán. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n mú wa wọlé láìtò. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi tẹ aṣọ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, torí náà n kò ní ọwọ́ tí mo lè fi di tirẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn. Dókítà obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró. Kò wo àgbọ̀n. Ọwọ́ ló ń wò.

"Màdáàmù, láti ìgbà wo lọwọ́ ẹ̀ ti ń ṣe báyìí?"

"Láti àárọ̀."

"Láti àárọ̀?"

Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Mo ní, "Ó ti tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin."

Nígbà tí wọ́n rán àgbọ̀n náà tán, ó jókòó tì wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí ẹni tó ti bá wa gbé rí. Ṣé ó ti sọ̀rọ̀ rí, tó wá dákẹ́? Ṣé ó ti fi ọwọ́ jẹun rí? Ṣé ó máa ń lọ eyín? Ṣé ó máa ń sé èémí? Ṣé ó fẹ́ràn kó máa wo ojú ènìyàn? Mo ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bi mí pé, "Kò fi ọwọ́ tẹlẹ̀ nígbà tó ń ṣubú?" Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Mo ní n kò mọ̀.

Ó ṣe oṣù mélòó kan kí ìdáhùn tó dé, torí kò síbi tí wọ́n ti lè ṣe irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn nílùú yìí nígbà náà. Òkè òkun ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì nítorí rẹ̀. Nígbà tó dé, dókítà pe èmi àti ọkọ mi. Àìsàn Rett ni wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin ló ń bá jù. Ọmọ á dàgbà dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà mọ iṣẹ́ mi, ó sì fi í ṣàlàyé fún mi.

"Ẹ wò ó bíi bátànì tẹ́ ẹ fi ń gé aṣọ. Ìlà kékeré kan ló ṣì nínú bátànì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aṣọ rárá. Inú oyún ló ti wá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, bàbá ẹ̀ kọ́ ló fà á."

"Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́?" Ọkọ mi ló béèrè.

"Kò lè dá a dúró, bí ẹ̀yin náà ò ṣe lè pàṣẹ fún ojú yín pé kó má ṣẹ́jú mọ́. Tẹ́rù bá ń bà á, á tún yára sí i. Tí ẹ bá fi tipátipá dì í mú, inira lẹ fi kún un. Ṣé ẹ ti máa ń dá a dúró ni?"

"Rárá," mo wí.

Ọkọ mi mi orí pé òótọ́ ni mo sọ. Ó gbà mí gbọ́.

Mo bi dókítà bóyá ọdún kan àti oṣù mẹ́rin yẹn ba nǹkan jẹ́. Ó ní kò sí òògùn tí ì bá dá àìsàn náà dúró. Ṣùgbọ́n wọn ì bá ti kọ́ wa bí a ṣe ń bọ́ ọ kó má baà rù tó bẹ́ẹ̀, ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ bí mo ṣe máa pín in. Àìsàn náà kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ọ̀pọ̀ oṣù tó lọ lásán, ẹ̀bi mi ni. Aṣọ náà, àgbọ̀n rẹ̀ àti eyín méjì, ẹ̀bi mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ tù mí nínú máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀, pé "dókítà ní kì í ṣe ìwọ." N kò jẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀.

A pe Ìyá lórí fóònù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí tán.

"Nínú ẹ̀jẹ̀ ta ló ti wá? Tiyín ni àbí tiwa?"

"Kò ti ọ̀dọ̀ ẹnì kankan wá, Ìyá."

"Ṣé kò wá ní í lọ ni?"

"Kò lọ síbì kankan, Ìyá."

Ó wá ní, "Ẹ ní màmá ẹ̀ àgbà ní kó jókòó dáadáa, kó jẹun." Mo gbọ́ pé ó ń sunkún.

Gìrì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́rin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó le gbọnrangandan lórí ẹsẹ̀ mi, ojú rẹ̀ sì yí sókè. Ẹ má fi ṣíbí sí ọmọ lẹ́nu bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sì da omi lé e lórí. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ mú ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ wo aago, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń lo òògùn rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà náà, gìrì náà sì ti dínkù.

Obìnrin tó ń ṣe eré ìdárayá fún un ló kọ́ wa láti máa gbé nǹkan méjì sókè, ká sì wo èyí tí ojú rẹ̀ lọ bá. Búrẹ́dì tàbí dòdò. Aṣọ pupa tàbí aṣọ aláwọ̀ ewé. Inú Fúnmi dùn débi pé ó ń fò. "Mọ́mì, mo sọ fún yín!" Òótọ́ ni, ó ti sọ fún mi, ní ọjọ́ tí mo rán an lọ ra òwú. Nígbà tó yá a fi kún un: ọwọ́ ọ̀tún mi ni bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ òsì mi ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í yára. Èèyàn gbọ́dọ̀ dúró, nígbà mìíràn fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ṣùgbọ́n ó ń dáhùn.

Àbẹ̀kẹ́ kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́fà nígbà tí mo sọ òtítọ́ fún ọkọ mi. Àlejò kan wá kí wa, ó ń yìn mí pé mo ní sùúrù. Ọkọ mi ní, "Obìnrin yìí? Kò fi ọwọ́ líle kan ọmọ yìí rí." N kò lè gbé e mì. Nígbà tí àlejò lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: aṣọ, àtẹ̀gùn, irọ́ tí mo pa níwájú dókítà nígbà tó ń mi orí. Kò pariwo. Ó bi mí ohun kan péré.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mọ́kànlá."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló ń wẹ Àbẹ̀kẹ́, òun ló ń bọ́ ọ kó tó lọ sí ọjà. Bí mo bá nawọ́, á yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó na tówẹ̀lì sí mi láìwojú mi. Ó ní, "Gbà. Omi ẹ̀ á tutù." A kò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. N kò mọ̀ bóyá ó ti tán nínú rẹ̀, n kò sì bi í.

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ohun tó ń tì yín lójú lára ọmọ yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han dókítà. Ẹ má fipá mú un jókòó dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá lè fi fóònù ya bó ṣe ń ṣe nílé, ẹ yà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n kí ó má dá òògùn gìrì dúró nítorí rẹ̀. Ẹ má sì di ọwọ́ yẹn. Ní oṣù tó kọjá, mo rí ìyá kékeré kan lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, tó tẹ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́ itan bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó tì í, mo sì sọ ìtàn yìí fún un kí wọ́n tó pè é. Ó kọ́kọ́ bínú. Ṣùgbọ́n ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀ kó tó wọlé.

Àbẹ̀kẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ó lè rìn bí ẹnì kan bá di apá rẹ̀ mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀ díẹ̀, dókítà sì ń ṣọ́ ọ. Oúnjẹ lílọ̀ ló ń jẹ, ó ti sanra díẹ̀ sí i. Kò tíì tún sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kó má sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo pinnu láti kọ èyí, mo sọ fún un ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Mo wá bi í bóyá ó lè dárí jì mí. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, ọ̀tún fún bẹ́ẹ̀ ni, òsì fún bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì dúró. Mo dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò wo ọwọ́ ọ̀tún, kò wo ọwọ́ òsì. Ojú mi ló ń wò.

N kò ní túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tó máa tù mí lára. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo sì fún un ní oúnjẹ tó kù.